Ilé Tiyín, Ilẹ̀kùn Tèmi

Ilẹ̀kùn ni bàbá mi fi sìn mí lọ sílé ọkọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí yìí, ikùn mi sì ń mì bí omi inú garawa. Àwọn ẹgbẹ́ mi gbé ìkòkò, wọ́n gbé àwo, wọ́n gbé àpótí aṣọ tó jẹ́ pé géńdé méjì ló ń gbé e tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi, ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn àbáwọlé, ilẹ̀kùn pálọ̀, ilẹ̀kùn yàrá, ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ilẹ̀kùn ṣáláńgá, àti fèrèsé onípákó tó ń ṣí síta. Wọ́n tò wọ́n léra sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé èmi ìyàwó lé wọn lórí, mo sì jókòó tòun ti ìbòjú mi bí adìẹ tó ń sàba lórí pákó.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Bíríkìlà ni ọkọ mi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ilé tí a máa gbé, lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ó mọ ògiri, ó kan òrùlé, agbára wá tán, ilé sì la ẹnu sílẹ̀ bí akáyín. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, lọ wo ilé náà kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Nígbà tó dé, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ọkọ rẹ ń mọ ilé yẹn ni, àbí ó ń jó nígbà tó ń mọ ọ́n? Kò sí igun kan tó tọ́ níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Bíríkìlà mi lápá, ó níwà, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ní ibòmíràn tí n kò ní sọ níhìn-ín; ṣùgbọ́n ògiri títọ́, Ọlọ́run kò fún un. Ojú rẹ̀ kan wọ́ díẹ̀, ibi tó ń wò kọ́ ló ń rí. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ti yàrá dà sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀mùtí. Ti ilé ìdáná, ẹ jẹ́ ká fi ti ilé ìdáná sílẹ̀.

Bàbá mi gbé okùn ìwọ̀n, ó wọn ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fi ìfági fá ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan títí ó fi wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ṣe wọ́. Èmi ni mo fi sáńdípépà ha wọ́n, tí mo fi òróró pa wọ́n lára, torí inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń jẹun títí tó fi di tèmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kàn wọ́n mọ́ ilé, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wọ àyè rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ bá wọ ẹ̀yìn ìyá. Bàbá mi na ìka sí wọn níwájú gbogbo àna.

"Ẹrù ìyàwó ọmọ mi nìyí," ó ní. "Ẹlòmíràn á fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tí yóò fi se oúnjẹ fún ọkọ. Èmi fún tèmi ní ohun tí yóò tì nígbà tí inú bá ń bí i."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín jù. Kò mọ̀ pé bàbá mi kì í ṣàwàdà. Ó di alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta kó tó mọ̀ ọ́n, lórí àga, tòun ti ẹ̀fọn.

A gbé inú ilé wíwọ́ yẹn pẹ̀lú ayọ̀. A bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ọdún ń gorí ọdún, òjò ń pa ilẹ̀kùn, oòrùn ń ta á, mo sì ń fi òróró pa á lára bí mo ṣe ń fi pa ara mi. Àìsàn kan wá dé tó mú Bíríkìlà mi lọ. Mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí imú mi wú tó orógùn ọ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ọkọ rere gbé yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú àbúrò ọkọ mi wọlé wàyí, torí bí n kò bá mú un wọlé, á mú ara rẹ̀ wọlé. Oníkọ́kọ́rọ́ ni mo sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àbísọ ọmọ ilé ọkọ. Bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni, kódà kó ṣì máa tọ̀ sílé. Ilé ìkẹ́rùsí ni Oníkọ́kọ́rọ́ ní, àwọn oníṣòwò ń háyà yàrá níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá náà sì wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ń dún ṣàkẹ̀ṣàkẹ̀. Kó tó yọ ní kọ̀rọ̀, ewúrẹ́ pàápàá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ọkùnrin yìí kì í kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé, kò kan ilẹ̀kùn mi rí. Á kàn já wọlé gbuu. Ó ti bá mi níbi tí mo ti ń wẹ̀. Ó ti bá èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí a kò ti fẹ́ àlejò. Mo bá a sọ ọ́ títí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń wà lẹ́nu rẹ̀: "Kí ni mo fẹ́ kàn? Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni."

Bí ọ̀fọ̀ ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, ó dé. Ó mú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin dání, àgbà gbogbo ilé, ẹni tí mo sọ ní Ìdákẹ́rọ́rọ́ torí pé tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù á máa ba ènìyàn títí tí yóò fi tún sọ̀rọ̀. Opó ni òun náà. Wọ́n lé e jáde nílé ọkọ tirẹ̀ nígbà kan, tòun ti aṣọ ọrùn rẹ̀ lásán. A kì í mẹ́nu kàn án níwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan tún tẹ̀ lé wọn, ó wọ bàtà funfun, kò wọlé. Ó ń rìn yí ilé ká, ó ń gbá ògiri pẹ́pẹ́, ó sì ń dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá ilé á lè tọ́ tó bá wò ó báyẹn.

A jókòó sí pálọ̀. Ọmọ mi dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọmọ mi ń wà, Akẹ́rù náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Apá rẹ̀ tóbi ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀, mi ò mọ ibi tó ti rí i.

"Ìyàwó wa," Oníkọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré, "kú ara fẹ́ra kù o. O ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ilẹ̀ bàbá wa ni ilé yìí wà. Ọmọ kan ṣoṣo tí o bí, obìnrin ni. Ọkọ ló ń lọ."

"Ọkọ̀ ni, Bàbá Kékeré," Akẹ́rù dá a lóhùn. "Mo ti wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó níta."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí mi. "A ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé. Òun ló wà níta yẹn."

"Èmi ńkọ́?"

"Wàá kó ẹrù rẹ lọ sílé bàbá rẹ."

"Bàbá mi ti kú."

"Ilé kì í kú."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín báyìí. Ilé tí mo ti gbọ́n sí, tí mo ti sanra sí, tí mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti yọ̀ àti ibi tó ti gún ẹsẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ gbá mi jáde nínú rẹ̀ bí ìdọ̀tí. Mo wo ògiri tí ọkọ mi mọ. Ògiri náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wọ́ síbẹ̀.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ wúkọ́. "Ẹrù wo ló máa kó?" ó ní.

Oníkọ́kọ́rọ́ mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kíá ló ti tún ohùn ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹranko ni wá? Ohun gbogbo tó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, tirẹ̀ ni. Kó kó o. Abẹ́rẹ́ kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Ẹni tó bá dá a dúró, èmi ni ẹni náà máa bá jà."

Ara mi ṣàdédé yá gágá.

"Ẹ tún un sọ, ọkọ mi," mo ní.

"Ohun gbogbo."

"Tó fi mọ́ èyí tó wúwo?"

"Tó fi mọ́ èyí tó wúwo! Obìnrin, ṣé o fẹ́ kí n fi orin sọ ọ́ ni?"

"Ẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo gbọ́," Ìdákẹ́rọ́rọ́ ní.

Oníkọ́kọ́rọ́ rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó na ara, ó fọwọ́ pa ikùn, ó ní kí òun lọ sí ẹ̀yìnkùlé díẹ̀. Bí dídún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe ń jìnnà, mo dìde. Orúnkún mi ké, ìbàdí mi gbè é.

"Akẹ́rù," mo ní, "gbé sukuruduráfà wá."

Ilẹ̀kùn yàrá ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ mọ̀ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti dàgbà, mo wá fẹ́ ṣe fáàrí níwájú ọmọ mi. Mo ní kó má dì í mú, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo tú sukúrù òkè, mo tú ti ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn sì dà lé mi láti orí dé ẹsẹ̀, ó tẹ́ mi sílẹ̀ gbalaja.

"Màámi!" Akẹ́rù ń pariwo. "Ṣé ẹ ti fara pa?"

"Fi mí sílẹ̀ díẹ̀ ná," mo ní lábẹ́ pákó. "Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, kò sí ohun tó tún tẹ̀ mí báyìí."

Mo gbọ́ ohùn kan ní pálọ̀ tó dà bí ìgbà tí ìkòkò bá hó. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn a jọ dì í mú. A tú ti pálọ̀, a tú ti ilé ìdáná, a yọ fèrèsé. A wá dé ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn ṣáláńgá ṣì wà ní títì, a sì ń gbọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó ń kọrin ìdùnnú. Mo wo Akẹ́rù. Akẹ́rù wo mi.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó ṣe tán."

"Kí ni àbúrò bàbá rẹ wí? Ó ní ohun gbogbo."

Ìdè, irin tí ilẹ̀kùn náà fi ń ṣí, wà lọ́dọ̀ wa, níta. Bàbá mi ló kàn án bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ ẹ. A tú u jẹ́jẹ́, a gbé e kúrò tòun ti ìkọ́ tó fi tì í láti inú, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì wọlé lọ bá ọkùnrin náà ní ìdáwọ́lé rẹ̀. Orin já sí i lẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi," mo ní.

"Kí… kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹrù mi ni mò ń kó."

"Ẹ ti ilẹ̀kùn!"

"Ilẹ̀kùn wo?"

Ó jáde, ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ọwọ́ kejì di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó ń sáré láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ sì ń bá a sáré, torí gbogbo ilé ti di ọ̀nà. Bàtà Funfun ti wọlé láti ibi tí ilé ìdáná wà, ó tún ti yọ sí iwájú, kò mọ̀ pé òun ti gba inú ilé kọjá.

"Ilẹ̀kùn yìí ti di ara ilé!" Oníkọ́kọ́rọ́ ń pariwo. "Ohun tí wọ́n bá ti kàn mọ́ ilé, tó ti bá ilé gbó, ara ilé ni! Kì í ṣe ẹrù ẹnikẹ́ni mọ́!"

Mo gbé sukuruduráfà sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò gbọ́n tó bí ẹ ṣe rò. Ẹnu ọkùnrin yìí gan-an ni mo ti rí ọgbọ́n náà he.

"Ọkọ mi, ẹ jókòó," mo ní. "Ta ló bá ilẹ̀kùn wọ ilé yìí lọ́jọ́ kan náà?"

Ó ń wá okùn ṣòkòtò rẹ̀.

"Ṣebí orí rẹ̀ ni mo jókòó lé wá? Ọjọ́ tí wọ́n kàn án mọ́ ilé ni wọ́n kan èmi náà mọ́ ọn. Bó ṣe ń gbó ni mò ń gbó. Ìdè rẹ̀ ń ké, orúnkún mi ń ké. Òjò tó pa á ló pa mí. Bí ilẹ̀kùn bá ti di ara ilé, kí ni èmi dà? Bí ẹ bá sì lè fà mí tu bí eyín tó ń mì, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà ṣeé fà tu nìyẹn. Ẹ mú ọ̀kan. Bí ó bá dúró, mo dúró. Bí mo bá lọ, ó ń bá mi lọ."

Akẹ́rù pàtẹ́wọ́. Bàtà Funfun náà fẹ́ pàtẹ́wọ́, ó rántí ẹni tó mú un wá.

Inú bí Oníkọ́kọ́rọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. "Kí lo ń ro ẹjọ́ fún mi sí?" ó ní. "Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù!"

Ìdákẹ́rọ́rọ́ dìde dúró.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà o. Ohùn lásán ló ya ẹrù àti ẹrú. Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀, ó pe ilẹ̀kùn ní ẹrù ìyàwó, ó fi pọ́n mi lé. Ọkùnrin yìí gbé ohùn náà sókè, mo di ẹrú nínú ilé tí mo ti bímọ.

"Ta ni ẹrú?" Ìdákẹ́rọ́rọ́ ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òwe ni mo pa."

"Mo mọ̀ pé òwe ni. Nínú òwe náà, ta ni ẹrú?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo…"

"Ìyàwó tí bàbá wa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ tọrọ? O tẹ̀ lé wa lọ. O dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ débi pé iyẹ̀pẹ̀ wọ ọ nímú, èmi ni mo fi etí ìró mi nù ọ́."

"Bó bá jẹ́ pé ẹrú ni mí," mo ní, "ẹ lọ mú ẹni tó tà mí wá, kí n rí i. Bàbá mi kò tà mí. Ó fún mi ní ilẹ̀kùn. Ilé tiyín, ó dáa, mo ti gbọ́. Ilẹ̀kùn tèmi."

Ó yẹ kó tọrọ àforíjì níbẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ọ̀nà, kódà nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. "Kó o!" ó ké. "Kó gbogbo rẹ̀! Pákó lásán-làsàn! Lọ́la ni n óò ra tuntun!"

A kó o. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ni a yọ kẹ́yìn. Akẹ́rù tò wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí n wá jókòó síwájú. Mo kọ̀. Mo gun ẹ̀yìn lọ. Ọmọ mi ti ìdí mi láti ìsàlẹ̀, ó ń kérora bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀. Mo jókòó lórí ilẹ̀kùn mi bí mo ṣe jókòó lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo na ọrùn gbọọrọ. Àwọn ará àdúgbò jáde.

"Ìyá Akẹ́rù, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń lọ sílé ọkọ!" mo ké sí wọn. "Ọkọ̀ náà ló gbé mi yìí!"

N kò ní parọ́ fún yín: nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, tí a gbé ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ti ògiri, tí Akẹ́rù sì lọ wá ohun tí a máa jẹ, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ilẹ̀kùn tí kò sí lára ilé, ohun ẹ̀sín ni. Ẹ ṣí i, ògiri ni. Ẹ tì í, ògiri náà ni. Mo wò wọ́n, mo rí ara mi. Mo wá bú wọn: "Ẹ dìde dúró dáadáa! Ta ni ẹ ń wò bẹ́ẹ̀?" Mo gbé sáńdípépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha wọ́n.

Ìròyìn Oníkọ́kọ́rọ́ ń dé etí mi lójoojúmọ́, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó ra ilẹ̀kùn tuntun lóòótọ́. Ó gbé ti àbáwọlé síbẹ̀, òkè fi àyè sílẹ̀ tí ológbò lè gbà kọjá, ìsàlẹ̀ há. Ó gbé ti yàrá síbẹ̀, igun kan wọlé, igun kejì dúró síta bí ẹni tó ń bá a ṣe àwàdà. Ó pe káfíńtà kan. Káfíńtà wo ẹnu ọ̀nà, ó yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bi í bóyá ìmìtìtì ilẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ó ní àfi kí àwọn fọ́ ògiri kí àwọn tún un mọ. Wọ́n gbé òòlù sí ògiri Bíríkìlà mi, òòlù ló kán. Mo ti sọ fún yín pé kò mọ ògiri títọ́. N kò sọ pé kò mọ ògiri líle.

Bó ṣe di pé Oníkọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ di ilẹ̀kùn nìyẹn. Ilé tí kò ṣeé tì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ayé wà ní ìbàdí rẹ̀, kò sì rí ohun tó máa fi ọ̀kan nínú wọn tì. Tó bá ń ṣọ́ iwájú, ewúrẹ́ á gba ẹ̀yìn wọlé. Tó bá lé ewúrẹ́, àwọn ọmọ iléèwé á gba pálọ̀ kọjá torí ó yá wọn dé ojú títì. Wọ́n á sì kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ káàsán o, Bàbá Ilẹ̀kùn." Bàtà Funfun ní òun kì í ra afẹ́fẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ha ẹsẹ̀ àga kan ní ṣọ́ọ̀bù, òjìji kan ṣú bo iṣẹ́ mi. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Ó wo àwọn ilẹ̀kùn tó fara ti ògiri, ó fi ọwọ́ ra ọ̀kan nínú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń ra ẹ̀yìn ọmọ.

"Nígbà tí wọ́n lé mi," ó ní, "àpótí ìyá mi wà ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i. Mo mọ̀ pé tèmi ni. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́."

Mo tẹ́ aṣọ sórí àpótí kan fún un, ó jókòó.

"Ìyàwó mi, gbé ilẹ̀kùn rẹ wálé."

"Kí n gbé e wálé kí ẹ tún fi mí sílẹ̀ níta?"

"Ìwọ àti ilẹ̀kùn. Ara ilé ni yín. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà, mo gbọ́ ọ létí mi méjèèjì."

"Ẹ ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí?"

"N ó sọ ọ́."

"Pé kò sí ẹni tó máa lé mi? Pé ọmọ mi ló máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní?"

Ó rẹ́rìn-ín ìkòkò híhó rẹ̀ yẹn. "N ó sọ ọ́. Kí ló tún kù?"

"Ẹni tó pè mí ní ẹrú ni kó gbé ilẹ̀kùn àbáwọlé padà."

"Ọkọ̀ ọmọ rẹ wà níta yẹn."

"Ọkọ̀ máa gbé ìyókù. Ti àbáwọlé, orí ni."

Mo rò pé á ní mo ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó dìde. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ó ní, "òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Ó sì lọ.

Ó sọ ọ́ lóòótọ́, níwájú gbogbo ẹbí, nínú pálọ̀ tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá, kò sì sí ẹni tó já a ní koro, torí kò sí ẹni tó fẹ́ kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni Oníkọ́kọ́rọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ká òṣùká fún un. Kò wojú mi. A gbé ilẹ̀kùn lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kọ́kọ́rọ́ ń dún ṣàkẹ̀ṣàkẹ̀ lábẹ́ pákó, èmi ń tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn pẹ̀lú sukúrù ní ọwọ́. Àwọn ará àdúgbò tún jáde. Wọ́n bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà fún un. N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé nínú òwe, ẹni tó ń ru ẹrù ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é. Ó gún mi ní ahọ́n bí egungun ẹja, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Akẹ́rù bá mi kàn án. Ó wọ àyè rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wọ́ bí ògiri ṣe wọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ dúró níta, ó ń nu òógùn. Èmi àti Akẹ́rù wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ̀yìn tì í láti inú, òróró rẹ̀ ń rùn sí mi nímú.

Mo ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń dún níwájú ilé. Ó sún mọ́ ọn. Ó jìnnà. Ó tún sún mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Dídún náà dúró, ó pẹ́ díẹ̀, mo wá gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó ilé yẹn.

Kó, kó, kó.

"Màámi," Akẹ́rù rọra sọ, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà bú sẹ́rìn-ín, "ẹ ṣílẹ̀kùn."

Mo tún ìró mi so. Mo jókòó sórí àga Bíríkìlà mi, mo na ẹsẹ̀.

"Ta nìyẹn?" mo ní.